Bubble CPAP fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé

Bubble CPAP (afẹ́fẹ́ tí ń fi agbára díẹ̀ wọlé láìdáwọ́dúró, tó sì ń hó jáde nínú omi) ni ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ èémí fún ọmọ tuntun tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó. Wọn kì í ki rọ́bà èémí bọ ọmọ lọ́fun. Imú ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì ń mí.

Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 34 ló sábà máa ń nílò rẹ̀. Surfactant, ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ̀ pọ̀, kì í tó lára wọn, bí Mary Ellen Avery àti Jere Mead ti fi hàn ní Amẹ́ríkà ní 1959. Imú ọmọ á máa fẹ̀, àyà á máa wọnú, á sì máa kùn bó ṣe ń mí síta. Ìkùn yẹn kì í ṣe ẹkún: ó ń sé afẹ́fẹ́ díẹ̀ mọ́ inú ni. Iṣẹ́ yìí gan-an ni CPAP ń bá a ṣe.

Rọ́bà kan ń gbé afẹ́fẹ́ wá sí ike olórí méjì tó wọ ihò imú. Èkejì ń gbé e lọ sínú ìgò omi. Bí ẹnu rọ́bà bá rì sínú omi ní sẹ̀ǹtímítà 5, agbára afẹ́fẹ́ (pressure) tó tó sẹ̀ǹtímítà omi 5 ni ẹ̀dọ̀fóró ń rí. 5 sí 8 ni wọ́n sábà ń lò. Omi á máa hó bíi pé ó wà lórí iná. Bó bá dákẹ́, afẹ́fẹ́ ń jò: ike ti yọ, ó kéré jù, tàbí ẹnu ọmọ là sílẹ̀. Omi tó bá kóra jọ sínú rọ́bà tó ń lọ sí ìgò máa ń fi kún agbára náà, nítorí náà ẹ máa dà á nù.

Ike kò gbọdọ̀ fara ti ògiri àárín imú, egbò ló ń dá. Afẹ́fẹ́ tún ń wọ ikùn, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi rọ́bà tó ṣí sílẹ̀ gba ẹnu lọ sí ikùn. Ọmọ tó bá dédé burú sí i lójijì, kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀dọ̀fóró ti lu.

Àléébù tó pọ̀ jù nínú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fi ọwọ́ tò ni ọ́ksíjìn sìlíńdà tí kò ní àdàlù afẹ́fẹ́ lásán: ó lè ba ojú ọmọ jẹ́. Ìwọ̀n ọ́ksíjìn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń lépa jẹ́ 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ́ksíjìn láti inú afẹ́fẹ́ sì máa ń kú bí iná bá lọ, kí sìlíńdà wà nítòsí.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ni OAUTHC, ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ló ni ẹ̀ka Ilé-Ifẹ̀ àti Wesley Guild ní Iléṣà. Bí wọ́n bá ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀ láti abúlé, àyà ìyá ni kí ó wà, ara kan ara. Òtútù ń mú kí ọmọ nílò ọ́ksíjìn púpọ̀ sí i.