Ara àwọn tó ń lò ó le, ṣùgbọ́n ṣé òun ló mú un le?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ títí tó ti sú mi, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òpùrọ́. Wọ́n á ní hóró fítámìn kan tàbí oúnjẹ kan ń dènà àrùn. Bí ẹ bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, wọ́n á ní: "Ẹ ò rí àwọn tó ń lò ó ni? Ẹ wo bí ara wọn ṣe jí pépé." Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ara wọn jí pépé lóòótọ́. Ohun tí mò ń béèrè ni pé irú èèyàn wo ni àwọn tó ń lò ó yẹn.

Ẹni tó bá lè gbé hóró sẹ́nu láràárọ̀ fún ọdún márùn-ún láìpa ọjọ́ kan jẹ, kì í ṣe irú ẹni tí ń gbàgbé ọjọ́ tí dókítà dá fún un. Ó ṣeé ṣe kó máa sùn lásìkò, kó má máa mu sìgá, kó sì tètè sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá ń dùn ún. Gbogbo èyí ló bá hóró náà wọlé, hóró nìkan la wá ń yìn.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìwádìí Coronary Drug Project ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn ọkùnrin tí àrùn ọkàn ti kọ lù rí. Wọ́n fún àwọn kan ní clofibrate, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní hóró tó jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1980 nìyí. Láàárín ọdún márùn-ún, nínú àwọn tó gba clofibrate tí wọ́n lo ó kéré tán 80 nínú 100 hóró wọn, 15 nínú 100 ló kú. Nínú àwọn tó ń lò ó ségesège, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á pariwo pé oògùn ti gba ẹ̀mí là.

Wọ́n wá yíjú sí àwọn tó gba hóró òfìfo. Nínú àwọn tó lò ó déédéé, 15 nínú 100 ló kú. Nínú àwọn tí kò lò ó déédéé, 28.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Kò sí oògùn nínú hóró yẹn. Síbẹ̀ iye àwọn tó kú nínú àwọn tó ń gbé e mì déédéé kò ju bí ìlàjì iye àwọn tó kú nínú àwọn tó pa á tì. Àwọn olùṣèwádìí wá ìdí rẹ̀. Wọ́n yẹ nǹkan 40 wò nípa àwọn ọkùnrin náà, wọ́n fi ìṣirò yọ ipa gbogbo wọn kúrò. Àlàfo náà dín kù, ó di 16 sí 26, àmọ́ kò dí. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n mọ̀ láti kọ sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ka èyí, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ti yọ gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn tó ń lo nǹkan àti àwọn tí kò lò ó, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tó máa gba oògùn àti ẹni tó máa gba hóró òfìfo. Kèké kò mọ ọ̀lẹ, kò mọ akíkanjú. Bí èèyàn bá pọ̀ tó, á pín wọn sọ́tùn-ún sósì ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, títí kan ìyàtọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ronú kàn. Nígbà tí wọ́n fi gbogbo ẹni tí kèké gbé fún clofibrate wé gbogbo ẹni tí kèké gbé fún hóró òfìfo, nǹkan bí 20 nínú 100 ló kú lápá kan, nǹkan bí 21 lápá kejì. Oògùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń bá mi jà. Wọ́n á ní, kí ló dé tí ẹ fi ka ẹni tí kò lo oògùn rẹ̀ mọ́ àwọn tó lò ó? Ó jọ ìrẹ́jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣa àwọn aláìbìkítà kúrò lápá kan, àwọn akíkanjú nìkan lẹ ṣẹ́ kù síbẹ̀, ẹ sì ti ba iṣẹ́ tí kèké ṣe jẹ́.

Ká ní owó nìkan ló ń bá a lọ, ǹ bá dákẹ́. Àwọn tí beta-carotene, èròjà kan tó wà nínú ẹ̀fọ́ àti èso bíi kárọ́ọ̀tì, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sábà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó àwọn yòókù. Wọ́n wá fi í sínú hóró, wọ́n sì ṣẹ́ kèké láàárín ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá ní Finland. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ sí i lára àwọn tó gba beta-carotene. Àwọn kan ní kòńgẹ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí CARET ń lọ lọ́wọ́ láàárín èèyàn tó lé ní 18,000, àwọn tó ń mu sìgá, àwọn tó ti mu ún rí àtàwọn tó ti bá asbestos, èròjà ìkọ́lé tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ṣiṣẹ́. Wọ́n pa beta-carotene pọ̀ mọ́ fítámìn A fún apá kan nínú wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1996, wọ́n ní kí wọ́n dáwọ́ hóró náà dúró: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi ìdá 28 nínú 100 pọ̀ sí i, ikú ti fi ìdá 17 pọ̀ sí i. Mo máa ń ro ti àwọn èèyàn yẹn, tí wọ́n ń jí láràárọ̀, tí wọ́n ń fi omi gbé e mì, tí wọ́n gbà pé ààbò ni.

Kì í ṣe pé ìwádìí oníkèké kò ní àléébù. Ti oúnjẹ ló le jù, torí kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fi oúnjẹ pamọ́ fún ẹni tó ń jẹ ẹ́. Nínú Women's Health Initiative, ìwádìí ńlá kan lórí ìlera àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín obìnrin 48,835, wọ́n ní kí apá kan dín ọ̀rá inú oúnjẹ kù. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, jẹjẹrẹ ọyàn dín díẹ̀ lápá yẹn, àmọ́ ó kéré débi pé kòńgẹ́ lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò lè dín ọ̀rá náà dé ibi tí wọ́n ní kí wọ́n dín in dé. Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni, àbí wọn kò ṣe é tó? Ìwádìí yẹn nìkan kò lè yanjú rẹ̀. Àwọn mìíràn sì yege. Lọ́dún 2002, nínú èèyàn 3,234 tí ṣúgà ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú 100 dín kù lára àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti fọn, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá. Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, fi ìdá 31 dín in kù.

Nítorí náà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún ẹ̀fọ́ tàbí èso. Hóró ni wọ́n dán wò ní Finland. Àmọ́ ẹni tó bá ń mu sìgá, tàbí tó ti mu ún rí, tó sì ń lo hóró beta-carotene, kó gbé ike rẹ̀ lọ fi han dókítà kó tó gbé òmíràn mì.