Bí ikọ̀ púpọ̀ ṣe ń jọ ṣe iṣẹ́ kan láì dí ara wọn lọ́wọ́

Ikọ̀ tó ń tẹ̀ lé ìlànà Agile, ìyẹn ọ̀nà ṣíṣe sọ́fítíwíà díẹ̀díẹ̀ ní sáà kúkúrú, kì í tóbi. Ìwé ìlànà Scrum, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà Agile, ti ọdún 2020 ní wọn kì í sábà ju ènìyàn 10 lọ, sáà iṣẹ́ wọn, ìyẹn sprint, kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù kan. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá bá jọ ń ṣe sọ́fítíwíà kan ṣoṣo ní ilé-iṣẹ́ ńlá.

Kì í sábà jẹ́ ọ̀lẹ ló ń dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Dídúró de ara ẹni ni. Ká ní ikọ̀ tó ń ṣe ibi ìsanwó fẹ́ parí rẹ̀ ní sprint kẹta, àmọ́ ohun tí wọ́n nílò lọ́wọ́ ikọ̀ àkáǹtì wà nínú ètò sprint kẹrin. Ètò ikọ̀ méjèèjì dára tí a bá wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ oníbàárà ò ní rí nǹkan kan lò. Iṣẹ́ alákòóso ètò gan-an ni láti tètè rí irú èyí.

Ọ̀nà tí SAFe, ìlànà kan fún ikọ̀ Agile púpọ̀ tó ń jọ ṣiṣẹ́, ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á kó ikọ̀ jọ títí wọ́n á fi tó ènìyàn 50 sí 125. Ní ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 síra wọn, gbogbo wọn á jọ fi ọjọ́ 2 ṣètò iṣẹ́. Pátákó ńlá kan máa ń wà níbẹ̀: ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, sprint kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ kan bá ti gbára lé òmíràn, wọ́n á ta okùn pupa láti káàdì kan dé èkejì. Ọ̀rọ̀ ìsanwó àti àkáǹtì yẹn á hàn kedere, nítorí káàdì ohun tí wọ́n ń dúró dè á wà lẹ́yìn káàdì iṣẹ́ tó nílò rẹ̀. Wọ́n á yanjú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn wà nítòsí. Níkẹyìn, kálukú á fi ìka ọwọ́ dìbò, láti 1 dé 5, lórí bí ètò náà ṣe dá a lójú tó. Bí ìpíndọ́gba ìka kò bá tó 3, a jẹ́ pé ètò náà ń fẹ́ àtúnṣe. Ọ̀gá tó bá fojú fo ìbò yìí ń tan ara rẹ̀ ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 yẹn, aṣojú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń pàdé nínú ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Scrum of Scrums. Ìbéèrè tó ṣe kókó níbẹ̀ ni: kí là ń ṣe tó lè dí ikọ̀ mìíràn lọ́wọ́? Bó bá ti di pé olúkúlùkù kàn ń ka iṣẹ́ àná rẹ̀ sétí ọ̀gá, àkókò ló ń ṣòfò. Lẹ́yìn sprint kọ̀ọ̀kan, wọ́n á so iṣẹ́ gbogbo ikọ̀ pọ̀, wọ́n á sì fi í hàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

LeSS, ìlànà míì fún ikọ̀ púpọ̀ tí Craig Larman àti Bas Vodde gbé kalẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn: ikọ̀ 2 sí 8, àkójọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, olójúṣe ọjà (ẹni tó ń pinnu iṣẹ́ tó máa ṣáájú) kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣe ohun tí oníbàárà nílò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìmọ̀ràn yìí wúlò fún ẹni tó ń lo SAFe pàápàá. Bí okùn pupa bá ń so ikọ̀ méjì kan náà pọ̀ ní gbogbo ìgbà ìṣètò, ìpàdé míì kọ́ ni wọ́n nílò. Kí wọ́n tún àwọn òṣìṣẹ́ ikọ̀ méjèèjì pín.