Igbá Òfìfo, Fáìlì àti Ímeèlì: Ibi Tí Lẹ́tà Tó Ń Di Iṣẹ́ Ti Ṣẹ̀ Wá

Bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Tanke, nílùú Ìlọrin, léèrè pé ta ló kọ́kọ́ ronú kan ọgbọ́n yìí, pé kí èèyàn kọ ímeèlì, kí ímeèlì náà sì bọ́ sórí pátákó iṣẹ́, kó di iṣẹ́ tó ní orúkọ àti ẹni tí yóò ṣe é. Trello ni wọn yóò kọ́kọ́ pè, tàbí Asana, àwọn ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ fi ń to iṣẹ́ sórí pátákó. Àwọn tí irùngbọ̀n wọn ti ń funfun díẹ̀ á ní Ray Tomlinson ni. Èmi ò bá wọn fohùn ṣọ̀kan. Ọmọ àná ni Trello, 2011 ni wọ́n gbé e jáde. Tomlinson ní tirẹ̀ ṣe bẹbẹ ní 1971, òun ló fi àmì @ sáàárín orúkọ èèyàn àti orúkọ kọ̀ǹpútà, a ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn ni lẹ́tà tirẹ̀ ń lọ bá. Lẹ́tà tó bá dé ọwọ́ èèyàn, ó lè kà á tán, kó rẹ́rìn-ín, kó gba ilé alámàlà lọ, kó má sì tún rántí rẹ̀ mọ́. Ohun tí à ń wá orísun rẹ̀ yàtọ̀. Iṣẹ́ tí a rán ni, tó jẹ́ pé bó ṣe balẹ̀ báyìí, ó ti wà lọ́rùn ẹnì kan, kò sì sí bí onítọ̀hún ṣe lè ní òun ò gbọ́. Ìyẹn ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí wọ́n tó bí baba ńlá Tomlinson, ojú Ìlọrin sì ni díẹ̀ lára rẹ̀ ṣe.

Àrokò ni mo ń wí. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín sókùn, ẹni tó gbà á mọ̀ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ fẹ́ fa òun mọ́ra. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ wọn ti jọ nìyẹn. Ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìfẹ́ wà; tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, kí kálukú máa pọ́n àdá rẹ̀. Ẹni tó gbé e lọ kì í sábà mọ ohun tó gbé. Àwọn Ìjẹ̀bú á ní àwọn ló ni àrokò, nítorí tiwọn ni òyìnbó kọ sínú ìwé jù. Kí wọ́n máa wí. Ẹni tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ wọṣọ.

Èyí tó wúwo jù nínú gbogbo àrokò tí ìtàn rántí, ọwọ́ ará Ìlọrin wà nínú rẹ̀. Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, Aláàfin Aólẹ̀ rán àwọn ọmọ ogun lọ sí Ìwéré. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó fi Ìlọrin ṣe ilé, wà lára àwọn olórí wọn. Wọn ò ja ogun tí ọba rán wọn. Ọ̀yọ́ ni wọ́n yíjú sí, wọ́n pàgọ́ sẹ́yìn ìlú, ọba ń wò wọ́n, wọ́n ń wo ọba. Ìgbà tó yá, wọ́n gbé igbá kan ránṣẹ́ sí i, wọ́n fi ọmọrí dé e dáadáa. Wọ́n ṣí i, òfìfo ni.

Ẹ tún igbá yẹn wò. Kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀, ẹni tó gbé e wá kò sì ṣàlàyé kankan. Síbẹ̀ kò sí ohun tí ètò iṣẹ́ ayé òde òní ń béèrè tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, ọba ni. Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe, kó bọ́ sílẹ̀ lórí ìtẹ́ kó bá àwọn baba rẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n jọ mọ̀ sí i, gbogbo ìjòyè tó wà ní bùdó ogun. Ọjọ́ tí yóò parí? Ẹni tí ogun dúró dè lẹ́yìn odi kò nílò kí wọ́n kọ déètì fún un. Aólẹ̀ fèsì ṣá o: ó ta ọfà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó fi èpè lé e, lẹ́yìn náà ló jẹ májèlé. Iṣẹ́ ṣe.

Mo sì gbàgbọ́ pé Àfọ̀njá kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n yẹn níhìn-ín. Ìkóríta ni Ìlọrin. Ọmọ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, Ìgbómìnà, Fúlàní, Hausa, Nupe, Bàrùbá. Níbi tí ahọ́n pọ̀ tó báyìí, iṣẹ́ tí kò nílò ẹnu ni yóò rọrùn fún gbogbo wọn. Èrò tèmi nìyẹn, ẹni tó bá ní òmíràn kó mú un wá. Nígbà tí ìlú bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Ṣéù Àlímì, tí àwọn àáfáà ti gbilẹ̀, wàsíkà tí a fi Lárúbáwá kọ dara pọ̀ mọ́ àrokò. Láti ọ̀dọ̀ Hausa ni a ti gba orúkọ rẹ̀, ó sì ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà wa ju lẹ́tà lọ. Wàsíkà lè sọ ohun tí igbá ò lè sọ. Ibi tó ti kù sí i ni pé a lè kà á, ká sì ká a sábẹ́ ẹní.

Òyìnbó ló wá wo ibi tó kù sí i yẹn, mo sì máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n gbé wá ló burú. Wọ́n gbé rẹ́jísírì wá. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, 1967, tí Ìlọrin di olú ìlú rẹ̀, rẹ́jísírì kún gbogbo ọ́fíìsì ìjọba. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà dé, akọ̀wé lu òǹtẹ̀ déètì lé e, ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá: ibi tó ti wá, ọ̀rọ̀ tó dá lé, nọ́ńbà fáìlì. Ó fi irin lu ihò sí i létí, ó fi okùn tààgì so ó mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá kọ mínítì kúkúrú: kí lágbájá bójú tó o. Fáìlì gbéra. Bí kò bá tíì tó àkókò, ọ̀gá kọ KIV, ìyẹn “keep in view”, pé kí wọ́n ṣì máa fojú sí i, akọ̀wé á dá a padà síbi tí yóò ti máa ṣọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà pé níbo ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ajàṣẹ́ wà, yóò ṣí ìwé ńlá, yóò sì sọ orí tábìlì ẹni tó wà.

Akọ̀wé yìí gan-an ni baba ohun tí à ń sọ. Gbogbo ohun tí àwọn ẹlẹ́rọ ṣe láti ìgbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbìyànjú láti gbé fún kọ̀ǹpútà.

Ní 1965, Tom Van Vleck àti Noel Morris ti jẹ́ kí àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ńlá kan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, lè fi lẹ́tà sílẹ̀ fún ara wọn, àmọ́ èèyàn sí èèyàn ni. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí àdírẹ́sì wà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Sendmail, ètò tó ń pín ímeèlì, tí Eric Allman kọ ní yunifásítì Berkeley, gbà kí ọ̀gá kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sínú ìwé àdírẹ́sì pé lẹ́tà tó bá wá sí orúkọ báyìí, má fún èèyàn, gbé e fún ètò kọ̀ǹpútà kan kó kà á. Ìlà tín-ínrín tó dúró gbọrangandan ni wọ́n fi ń sàmì sí i nínú ìwé náà. Ní 1986, Éric Thomas, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Paris, lo irú rẹ̀ fún LISTSERV, ètò tó ń pín lẹ́tà kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn, tó sì ń gba àṣẹ láti inú lẹ́tà.

Àmọ́ Debian ló sọ ọ́ di rẹ́jísírì tòótọ́. Àwọn kan á ní GNATS, ètò tí àwọn GNU fi ń tọ́jú ẹ̀sùn nípa àṣìṣe kọ̀ǹpútà, ṣáájú rẹ̀. Ó ṣáájú, ṣùgbọ́n kò mọ́ tó o. Ní 1993 ni Ian Murdock dá Debian sílẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows. Àwọn tó ń kọ ọ́ fọ́n ká ayé, wọn ò ní ọ́fíìsì, wọn ò ní mẹ́séńjà tí yóò gbé fáìlì. Ian Jackson wá kọ ètò kan fún wọn ní 1994 tí wọ́n fi ń gba ẹ̀sùn nípa àṣìṣe inú rẹ̀. O kọ̀wé sí submit@bugs.debian.org. Package ni ìlà àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ lo ti máa dárúkọ ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Version tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, èsì dé: a ti gbà á, nọ́ńbà rẹ̀ rèé. Nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ ti di àdírẹ́sì, ohun tí ẹnikẹ́ni bá kọ sí i, inú fáìlì kan náà ló ń lọ. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ náà tán á kọ̀wé sí nọ́ńbà ọ̀hún, á so -done mọ́ ọn nídìí, fáìlì di pípa dé. Àdírẹ́sì control wà fún ẹni tó fẹ́ so ẹ̀sùn méjì pọ̀ tàbí tó fẹ́ yí orúkọ ọ̀kan padà. Kò sí bọ́tìnì tí èèyàn ń tẹ̀, kò sí páswọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà wọn ti kọjá mílíọ̀nù kan báyìí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ní fóònù nílé ní Ìlọrin, gbajúmọ̀ ni. GSM ò dé títí di 2001.

Jesse Vincent tẹ̀ lé e ní 1996 pẹ̀lú Request Tracker, tó ń fi nọ́ńbà sí orí lẹ́tà kí èsì lè mọ fáìlì tó ń lọ.

Ẹ̀rọ ò sì gbọ́n tó akọ̀wé, ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ wà fún àwa tí a ní ẹ̀kọ́ ilé. Orí lẹ́tà ló ń mú ṣe orúkọ iṣẹ́, ohun tó wà nínú ló ń mú ṣe àlàyé, fọ́tò tó so mọ́ ọn a bá a wọlé. Mo mọ ilé iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́lé kan, tí fóòmàn wọn ní Ọ̀fà jẹ́ àgbà ọkùnrin tí kò lè kọ̀wé sí ọ̀gá láìkí i. Ohun tó kún orí pátákó wọn ni “Ẹ kú àárọ̀ sà”, “Ẹ kú iṣẹ́ sà”, “Ẹ kú àárọ̀ sà”, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà”. Nínú ọ̀kan, irin ti tán. Nínú òmíràn, omi ti ya wọ fandéṣọ̀n. Àfi kéèyàn ṣí gbogbo rẹ̀ kó tó mọ èwo ló ń jó. Akọ̀wé rẹ́jísírì ì bá ti kí bàbá padà nínú ọkàn rẹ̀, kó sì kọ “irin, Ọ̀fà” sínú ìwé.

Tàbí ká sọ ti ẹni tó lọ ìsinmi, tó fi èsì sílẹ̀ pé òun ò sí ní ọ́fíìsì. Ètò sọ èsì yẹn di iṣẹ́, ó sì dáhùn pé òun ti gbà á. Ìdáhùn yẹn tún pe èsì mìíràn wá. Kílẹ̀ tó mọ́, pátákó ti kún dé ẹnu. Ní 2004 ni wọ́n kọ ìlànà RFC 3834, pé kí lẹ́tà tí ẹ̀rọ bá dá kọ máa gbé àmì Auto-Submitted, kí ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà dá a lóhùn.

Ìyókù, ojú gbogbo wa ló ṣe. Basecamp, ètò pátákó iṣẹ́ mìíràn, dé ní 2004. Dustin Moskovitz tó wà lára àwọn tó dá Facebook sílẹ̀ bá Justin Rosenstein dá Asana sílẹ̀ ní 2008, x@mail.asana.com sì ni àdírẹ́sì tí gbogbo ayé ń kọ sí níbẹ̀. Ètò ń wo ẹni tó kọ ọ́ láti mọ àkójọ iṣẹ́ ẹni tí yóò fi í sí. Trello fún pátákó kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì gígùn tó rí wúruwùru, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè já iṣẹ́ lé ọ lórí. Ní Ìlọrin báyìí, WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kó lọ. Kò ní nọ́ńbà fáìlì, kò ní ìwé ńlá, kò sẹ́ni tó ń kọ KIV, a sì ń wá risíìtì sìmẹ́ńtì láàárín àdúrà Jímọ̀ àti fọ́tò ìkómọ.