Ọ̀já agungi ni, kì í ṣe ìjánu

Ẹnìkan tún ti gbé e dé pé "ìjánu ìgungi" ni ká máa pe ohun tí àwọn agungi òde òní ń wọ̀ sí ìbàdí àti itan kí wọ́n tó gun arère tàbí ìrókò. Mo mọ ibi tó ti rí i. Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó bá ohun èlò ẹṣin níbẹ̀, ó sì gbé e wọ ènìyàn. Ẹnu ẹṣin ni ìjánu ń gbé, ẹlòmíràn ló sì ń di okùn rẹ̀ mú. Agungi tó bá gbà kí wọ́n fi ìjánu sí òun lẹ́nu, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gun igi tèmi.

Àwọn tó ń kọ "hánẹ́ẹ̀sì" sàn díẹ̀. Wọ́n yá ọ̀rọ̀, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé àwọ́n yá a. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún ọmọkùnrin tó ń gé ẹ̀ka mángòrò kúrò lórí òrùlé ní Mọ́ọ̀rè ní Ilé-Ifẹ̀, kò ní rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀ ju ariwo lọ.

Àwọn tó ní "igbà" ló le jù láti bá jà, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n gbé dání. Ta ló mu ẹmu ọ̀pẹ rí nílé wa tí kò mọ igbà? (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sí i. Èyí tí ẹ ń kọ láìlámì yẹn, igba ni àbí igbá?) Ṣùgbọ́n kí ni igbà ń ṣe? Ó yí ọ̀pẹ ká, ó yí ẹ̀yìn adẹ́mu ká. Adẹ́mu á fẹ̀yìn tì í, á fẹsẹ̀ ti igi, á máa jù ú sókè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Ẹsẹ̀ ló ru ara. Ohun tuntun yìí kò rí bẹ́ẹ̀: agungi lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lára igi, kó rọ̀ sórí okùn tó ti ẹ̀ka òkè wá, kó máa fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́. Okùn kan sì tún wà nínú ẹrù wọn tó ń yí igi ká, tí wọ́n ń kọ́ mọ́ òrùka irin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí lọ́tùn-ún lósì. Ìyẹn gan-an ni igbà. Tí ẹ bá ti sọ gbogbo ẹrù náà ní igbà, kí lẹ fẹ́ máa pe ìyẹn? Ọmọ igbà?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Iléṣà ò fẹ́ gbọ́ ohun mìíràn ju "àmùrè" lọ. Èyí ló bí mi nínú jù, nítorí òun ló ń ni àwọn ọmọ wa lára. Ìbàdí nìkan ni àmùrè mọ̀. Ẹni tí a bá fi orúkọ yẹn kọ́ níṣẹ́ yóò fún ti ìbàdí títí èémí yóò fi há, yóò sì fi ti itan sílẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ. Kò ní pẹ́ lókè tí yóò fi máa mí gúlegúle, tí yóò máa bú ẹni tó ta ọjà fún un. Ọjà ò ṣe nǹkan kan, orúkọ ló ṣe é.

Ọ̀já ni tèmi. Wọ́n ní ọmọ ni wọ́n ń fi ọ̀já pọ̀n, pé kí n má sọ géńdé ọkùnrin di ìkókó. Ohun tí mo fẹ́ kí géńdé náà rántí gan-an nìyẹn! Ẹ wo ìyá tó pọnmọ lọ sí ọjà Odò-Ògbè. Etí aṣọ ìpọnmọ tó so mọ́ àyà rẹ̀ lókè kò ru nǹkan kan, kí ọmọ má fẹ̀yìn dànù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀já tó gba abẹ́ ìdí ọmọ ló ru ú. Ìdí jókòó sínú rẹ̀, itan yà sí ẹ̀gbẹ́ ìyá. Bí ọ̀já ìsàlẹ̀ bá dẹ̀, ọmọ á yọ̀ wálẹ̀, aṣọ tó wà lókè á há a lábíyá, á figbe ta. Kò sí ìyá àgbà tó máa ní kí wọ́n fún ti òkè sí i. Wọ́n á ní kó bẹ̀rẹ̀, kó gbọn ọmọ sókè, kó tún ọ̀já ìsàlẹ̀ dì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti agungi. Ti ìbàdí máa ń wà lókè eegun ìbàdí, kó fún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá fà á wálẹ̀ kò ní kọjá eegun náà, kó má sì dí yín lémìí. Ti itan wà lókè itan, lábẹ́ ìdí, kí àtẹ́lẹwọ́ lè kọjá láàárín rẹ̀ àti ara, kí ìkúùkù má lè kọjá. Aṣọ iṣẹ́ ni kí ẹ wọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n wò, kí kọ́kọ́rọ́ àti fóònù kúrò lápò. Kí etí okùn pẹlẹbẹ tó yọ jáde lára irin ìdè tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, kó má baà yọ́ padà. Lẹ́yìn náà, ẹ so ó kọ́ ẹ̀ka tí kò ga, kí ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ ni, kí ẹ jókòó sínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ọ̀já ìbàdí bá ń gun egungun ìhà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ti itan ló dẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fún un. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tó ń ta yín lábẹ́, ti itan ti fún jù tàbí kó ti wọnú jù. Kí ẹnikẹ́ni má sì rọ̀ pẹ́ láìmira: ẹ̀jẹ̀ á jókòó sẹ́sẹ̀, ojú á ṣú, èèyàn lè dákú síbẹ̀.

Ti pé ọ̀kan ní pákó ìjókòó tí òmíràn kò ní, tàbí pé tìmùtìmù eléyìí nípọn ju tọ̀hún lọ, n kò rí ohun tí ẹ ń jà lé lórí níbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára àwọn tòkunbọ̀ tó ń ti Yúróòpù wọlé ni kí ẹ kà. EN ni àmì ìlànà ti Yúróòpù. EN 358 ni ti ọ̀já ìbàdí tí a fi ń fẹ̀yìn tì, bíi ti adẹ́mu. EN 813 ni ti èyí tó ní itan, tí èèyàn lè jókòó rọ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀já agungi gidi ló ní méjèèjì. Èyí tó bá ní 358 nìkan, àmùrè ni, orúkọ yẹn tọ́ sí i, ẹ má fi rọ̀ sórí okùn. Bí ẹni tó ń tà á ní Lágeré bá ní ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ ní kí òun kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kó rọ̀ dirodiro fún yín wò.