Ẹni tó wà níwájú rẹ náà ń dúró ni

Kò sí pápá gọ́ọ̀fù tí èèyàn ò ti lè rí i: àwọn mẹ́rin kan dúró sórí koríko, ọ̀pá ń bẹ lọ́wọ́ wọn, wọ́n tẹjú mọ́ àwọn mẹ́rin mìíràn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, inú ń bí wọn. "Kí làwọn yìí ń wò níbẹ̀ gan-an?" Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, wọ́n á ti dá ẹjọ́ tán: àwọn ará iwájú ló ń fi àkókò ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹjọ́ yẹn kì í tọ́. Tí wọ́n bá na ọrùn díẹ̀ sí i, wọ́n á rí i pé àwọn tí wọ́n ń bú náà ò rọ́nà lọ. Àwọn náà ń wo àwọn mẹ́rin kan níwájú, àwọn náà ń bú wọn.

Bí wọ́n ṣe ń gbá gọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ihò méjìdínlógún, bọ́ọ̀lù kékeré, ọ̀pá; ẹni tó bá gbá a níye tó kéré jù ló borí. Ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lákọ̀ọ́kọ́ fún ihò kọ̀ọ̀kan là ń pè ní tíì (kì í ṣe èyí tí à ń mu láàárọ̀). Ibi tí ihò wà, tí wọ́n ti gé koríko mọ́lẹ̀ bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí, là ń pè ní gíríìnì. Páà ni iye gbígbá tí wọ́n retí pé kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá fi parí ihò kan: mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ihò onímẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń lọ.

Lóòótọ́, ọlọ́ra wà. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tó bá kàn án ló tó ń wá ìbọ̀wọ́, ìgbà yẹn ló tó ń fojú wọn ọ̀nà, á mú ọ̀pá kan, á dá a padà, á mú òmíràn, á fi na afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kan bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ń ṣòfin eré yìí, ìyẹn ẹgbẹ́ R&A ní Scotland àti USGA ní Amẹ́ríkà, mọ irú wọn dáadáa. Nígbà tí wọ́n tún òfin ṣe ní ọdún 2019, wọ́n dín àkókò tí èèyàn lè fi wá bọ́ọ̀lù tó sọnù kù láti ìṣẹ́jú 5 sí ìṣẹ́jú 3. Wọ́n gbà kí èèyàn fi àsíá sílẹ̀ nínú ihò nígbà tó bá ń yí bọ́ọ̀lù lọ síbẹ̀. Àṣà àtijọ́ tó ní kí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ jìnnà jù kọ́kọ́ gbá, wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀: níbi ìdíje tí wọ́n ti ń ka iye gbígbá, ẹni tó bá ti múra tán kó gbá tirẹ̀, bí kò bá ti ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Wọ́n sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí ẹni tó kàn má ṣe lò ju ìṣẹ́jú àáyá 40 lọ.

Ogójì yẹn jọ ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká kà á. Èèyàn 4, kí oníkálukú gbá 90: ó di 360. Tí ìkọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 40, wákàtí 4 gééré ni, ẹnikẹ́ni ò sì tíì gbẹ́sẹ̀ o. Tí wọ́n bá ń lo 25, ó di wákàtí 2 àti ààbọ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ ti jáde látinú ìṣẹ́jú àáyá 15, kò sì sẹ́ni tó sáré. Ìdí nìyẹn tí "ẹ máa rìn kánmọ́kánmọ́" kì í fi í ṣiṣẹ́ tó bí wọ́n ṣe rò. Kéèyàn ti múra sílẹ̀ nígbà tí ẹlòmíì ń gbá lọ́wọ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ó sì tún yẹ ká yé fi gbogbo rẹ̀ di ẹrù lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lórí: ẹni tó gbá 110, tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 20 gbá ìkọ̀ọ̀kan, kò tíì lo ìṣẹ́jú 37 pé. Ọ̀gá tó gbá 75 pẹ̀lú 40 40 ti lo 50.

Ká tiẹ̀ wá sọ pé gbogbo wọn pa èyí mọ́ láìku ẹyọ kan. Ìlà á ṣì tò. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn.

Ihò onímẹ́rin gùn. Ọ̀wọ́ méjì lè wà lórí rẹ̀ láìdí ara wọn lọ́wọ́: àwọn kan ń parí lórí gíríìnì, àwọn kan ti gbá ti àkọ́kọ́, wọ́n ń rìn bọ̀. Onímárùn-ún lè gba ọ̀wọ́ mẹ́ta. Onímẹ́ta kúrú, láti tíì ni bọ́ọ̀lù ti lè balẹ̀ sórí gíríìnì, nítorí náà ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ló gbà. Àfi kí àwọn tó wà lókè yẹn parí, kí wọ́n dá àsíá padà, kí wọ́n kúrò pátápátá, kí ẹni ẹ̀yìn tó lè gbá. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù líle yẹn á bá ẹnì kan lórí.

Ẹ ronú kan ìdí ẹ̀rọ ata lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni bàbá ẹlẹ́rọ ní. Abọ́ kan ń gba ìṣẹ́jú 12: kí wọ́n da ata sí i, kí wọ́n lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fi omi ṣan ẹ̀rọ sínú abọ́. Oníbàárà tuntun ń dé ní ìṣẹ́jú 10 10. Ẹni àkọ́kọ́ ò dúró rárá. Ẹni kejì dúró fún ìṣẹ́jú 2, ẹni kẹta 4, ẹni kẹwàá 18, ẹni ogún 38. Kò sí ọlọ́ra kankan láàárín wọn, bàbá ẹlẹ́rọ ò sì sinmi. Síbẹ̀ ẹni ogún á máa kanra mọ́ ẹni kọkàndínlógún, torí òun ló rí níwájú. A ò sì tíì ka ti ìyá tó gbé ẹ̀wà àkàrà wá, tó ní wọn ò gbọdọ̀ dà á sí ẹ̀rọ tí ata ti kọjá láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa. Tàbí ti ọmọ tí wọ́n ní kó fi abọ́ gba ààyè, tó lọ ń wo bọ́ọ̀lù, tó jẹ́ pé ìgbà tó kàn án ni wọ́n ń wá a kiri àdúgbò. Tàbí ti àǹtí tó mọ bàbá ẹlẹ́rọ láti kékeré, tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ẹ̀yìn, tí abọ́ rẹ̀ á sì dé iwájú lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣàlàyé. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí pápá. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bẹ níbẹ̀ náà.

Ta ló wá ní kí ọ̀wọ́ tuntun máa gbéra ní ìṣẹ́jú 10 10, tàbí 8 8 bó ṣe ń rí níbòmíì? Kì í ṣe ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń gbowó ààyè ni. Láàárín wákàtí 6, tó bá ń tú wọn sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 12 12, ọ̀wọ́ 30 ló máa sanwó fún un; ní 8 8, ó di 45. Ẹni tó máa fojú fo owó ọ̀wọ́ 15 dá ò pọ̀. Tó bá ti gbowó tán ló máa wá gbé pátákó sí ẹnu ọ̀nà pé kí àwọn èèyàn má ṣe fi àkókò ṣòfò, á sì rán ẹ̀ṣọ́ pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré kó máa lé wọn kiri. Bí awakọ̀ tó kó èrò 20 sínú dánfó èèyàn 14 ló ṣe rí, tó wá ń bá èrò jà pé wọn ò sún.

Àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun gan-an ò bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí. Títí di ọdún 2025, níbi ìdíje PGA Tour ní Amẹ́ríkà tí èèyàn 156 bá ti ń gbá, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń pín wọn, ó di ọ̀wọ́ 52. Ìdajì ń jáde láàárọ̀, ìdajì lọ́sàn-án. Nínú ti àárọ̀, 13 bẹ̀rẹ̀ láti ihò kìíní, 13 bẹ̀rẹ̀ láti ihò kẹwàá. Ọ̀wọ́ 26 lórí ihò 18! Tí àwọn 13 bá ń jáde ní ìṣẹ́jú 11 11, ó máa gba wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 12 kí èyí tó kẹ́yìn tó gbéra, nǹkan bí àkókò yẹn náà sì ni àwọn tó kọ́kọ́ jáde láti ihò kẹwàá máa parí ìdajì tiwọn, tí wọ́n á fẹ́ kọjá sí ihò kìíní. Ẹni tó bá sáré débẹ̀ ṣáájú, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí.

Nítorí náà, àlàfo ni àwọn alákòóso ìdíje kọ́kọ́ ń wò. Tí ọ̀wọ́ kan bá ti já sẹ́yìn kúrò lára èyí tó wà níwájú rẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n á gbé aago lé e lórí. Ìlànà yẹn bọ́gbọ́n mu. Ìyà tó ń tẹ̀ lé e ni kì í dọ́gba. Níbi ìdíje Masters ti ọdún 2013 ní Augusta, Guan Tianlang, ọmọ China tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, tí kò tíì máa gbowó nídìí eré náà, ni wọ́n fi gbígbá kan kún tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ní ihò kẹtàdínlógún. Ní oṣù January ọdún 2018, ní Torrey Pines ní California, J.B. Holmes, àgbà tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, dúró lórí bọ́ọ̀lù kan ju ìṣẹ́jú 4 lọ ní ihò tó kẹ́yìn ní ọjọ́ tó kẹ́yìn. Wọn ò fi nǹkan kan kún tirẹ̀. Ọmọdé ni ọwọ́ tó.

Ìwà tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tuntun jù ni pé kí ọ̀wọ́ tó lọ́ra jẹ́ kí ọ̀wọ́ tó yá kọjá. Ó dáa bẹ́ẹ̀, bí iwájú bá ṣófo. Tí o bá wo ihò iwájú tí kò sí ẹ̀dá kan níbẹ̀, tí àwọn kan sì ń mí sí ọ lẹ́yìn, ìwọ ni ọlọ́ra. Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n tí pápá bá kún, ẹni tí wọ́n jẹ́ kó kọjá kàn pààrọ̀ ẹ̀yìn tí yóò máa wò ni. Wọ́n tún ti fi ìṣẹ́jú mélòó kan ṣe ìkíni àti ìdúpẹ́ lé e.

Ìwà kan wà tó yàtọ̀, tó jọ pé ẹnjiníà ló hùmọ̀ rẹ̀. Lórí ihò onímẹ́ta, tí àwọn tó dé gíríìnì bá wẹ̀yìn tí wọ́n rí i pé àwọn kan ti dúró sí tíì, wọ́n á sàmì sí ibi tí bọ́ọ̀lù wọn wà, wọ́n á gbé e, wọ́n á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀kan nínú wọn á sì ju ọwọ́ sókè: ẹ gbá a bọ̀. Àwọn ẹ̀yìn á gbá tiwọn. Bí wọ́n bá ṣe ń rìn bọ̀, àwọn iwájú á padà sórí gíríìnì, wọ́n á parí, wọ́n á lọ.

Wọ́n máa ń ka èyí mọ́ ọ̀wọ̀ lásán, bí ìgbà tí èèyàn dìde fún àgbà nínú mọ́tò. Ká sọ pé ìṣẹ́jú 12 ni ọ̀wọ́ kan ń lò lórí ihò onímẹ́ta, bíi ti abọ́ ata yẹn. Ẹ tú u palẹ̀ ná: 4 fún gbígbá láti tíì, 2 fún rírìn, 5 lórí gíríìnì, 1 fún kíkúrò. Tí kò bá sí ìpè, ìṣẹ́jú 2 tí wọ́n fi ń rìn yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbá láti tíì, kò sẹ́ni tó ń parí lórí gíríìnì; ẹ̀rọ ata ń lọ, kò sí ata nínú rẹ̀. Ìpè yìí jẹ́ kí àwọn ẹ̀yìn rìn nígbà tí àwọn iwájú ń parí. Ìṣẹ́jú 12 di 10, àwọn tuntun sì ń dé ní 10 10. Ìlà ò gùn mọ́.

Ẹ tẹ̀ lé e láti àárọ̀. Ọ̀wọ́ kìíní dé gíríìnì, wọ́n wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kan, wọ́n parí tiwọn lọ. Ọ̀wọ́ kejì dúró fún ìṣẹ́jú 2 ní tíì. Nígbà tí wọ́n dé gíríìnì, ẹ̀yìn wọn ṣì dá. Ọ̀wọ́ kẹta dúró fún 4. Àwọn ló dé gíríìnì tí wọ́n yíjú padà tí wọ́n rí ọ̀wọ́ kẹrin tó ń dé tíì ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Wọ́n ju ọwọ́ sókè. Láti ìgbà náà lọ, tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe fún ẹni ẹ̀yìn ohun tí wọ́n ṣe fún un, kò sẹ́ni tó máa dúró ní tíì yẹn mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ṣá o. Ọ̀wọ́ tó bá ti wà nínú ètò yìí ń lo ìṣẹ́jú 20 lórí ihò náà dípò 12: wọ́n fi 4 dúró létí gíríìnì kí àwọn iwájú parí, wọ́n tún fi 4 wo àwọn ẹ̀yìn tí wọ́n pè. Ká ní kò sí ìpè, ọ̀wọ́ kẹrin ìbá lo 18, torí náà wọ́n pàdánù 2. Ti ọ̀wọ́ karùn-ún jẹ́ ọ̀mì, 20 sí 20. Láti ìkẹfà ni èrè ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀wọ́ kẹwàá ìbá lo 30, ọ̀wọ́ ogún ìbá lo 50, 20 sì ni gbogbo wọn lò. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ẹni tó sanwó ọjà kọ́ ló gbé e lọ sílé. Àwọn tó kọ́kọ́ ju ọwọ́ sókè, ìyẹn ọ̀wọ́ kẹta, fi ìṣẹ́jú 4 tiwọn ra ìṣẹ́jú 30 fún àwọn tí wọn ò ní fojú rí.

Ọ̀wọ́ ogún á dé tíì, wọ́n á rí ọwọ́ lókè tó ń pè wọ́n, wọ́n á gbá, wọ́n á rìn dé etí gíríìnì. Wọ́n á dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 4, wọ́n á sì máa kùn pé àwọn ará iwájú yìí mà lọ́ra o.