Ṣé iṣu ní hóró? Ìdáhùn fún àwọn ará Ṣábẹ̀

Ohùn kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn ní Ṣábẹ̀ níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin: wọ́n ní hóró iṣu ti dé, inú ọ̀rá kékeré ni wọ́n ń tà á sí bíi ti karọ́ọ̀tì, kí kálukú gún èbù rẹ̀ jẹ. Ẹ má tíì gbé odó.

Ṣé iṣu ní hóró lóòótọ́?
Ó ní in. Ó ti ní in kí a tó bí ẹni tó ń tà á.

Kí ló dé tí a kì í rí i?
Akọ wà nínú iṣu, abo wà. Abo nìkan ló ń so, kòkòrò ló sì ń gbé àtíkè òdòdó akọ lọ bá a. Èso rẹ̀ ní ìyẹ́ mẹ́ta. Bó bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á là, afẹ́fẹ́ á gbé hóró rẹ̀ lọ. Nígbà yẹn, iṣu abẹ́ ilẹ̀ là ń wá, ta ló ń wo ìtàkùn? Ewùrà ní tiẹ̀ kì í sábà so hóró rárá.

Bí mo bá gbin hóró Labókò, irú iṣu wa kan, ṣé Labókò ni n óò wà?
Rárá o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Èbù jẹ́ ara iṣu tí ẹ gé, òun náà ni yóò tún hù. Hóró ní ìyá, ó ní bàbá, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ ìyá kan náà kì í jọra délẹ̀délẹ̀. Ẹ gbin ọgọ́rùn-ún hóró láti ara ìtàkùn kan, ọgọ́rùn-ún irú iṣu lẹ máa rí: èyí tó korò, èyí tí kò ṣeé gún, bóyá ọ̀kan tó dáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tó wà ní Ìbàdàn, fi ń lo hóró: irú tuntun ni wọ́n ń wá, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó bá sì hù ni wọ́n ń dà nù. Àwọn àgbẹ̀ Benin náà kò kẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń wa iṣu inú igbó wá sóko, wọ́n á máa gbìn ín lọ́dọọdún títí yóò fi di iṣu ilé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ irú iṣu bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé iṣu oko àti iṣu igbó ló jọ bí òmíràn nínú wọn. Hóró ló ṣe iṣẹ́ yẹn láìgbowó.

Ìgbà wo ni n óò jẹ ẹ́?
Kì í ṣe ọdún àkọ́kọ́. Hóró tuntun máa ń sùn fún oṣù bíi mélòó kan kó tó hù, iṣu tó bá sì kọ́kọ́ ta kò ní ju ohun tí a lè fi ṣe èbù ọdún kejì lọ.

Karọ́ọ̀tì ńkọ́?
Hóró ni tirẹ̀. Ojú ibi tó máa dàgbà sí ni kí ẹ fọ́n ọn sí, ẹ má lọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òtútù ló ń mú un yọ òdòdó, ooru Ṣábẹ̀ kò sì fún un ní ìyẹn, nítorí náà rírà lẹ ó máa ra hóró rẹ̀.

Ṣé kí n ra hóró iṣu náà?
Bí ẹni tó ń tà á bá ṣèlérí Labókò, ẹ bi í ta ni bàbá rẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ dán an wò lè ká tirẹ̀ lára ìtàkùn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé ẹ̀rù kankan wà fún Labókò wa?
Ó wà, àmọ́ kì í ṣe látọ̀dọ̀ hóró. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń wa Labókò: àkọ́wà fún jíjẹ àti títà, a ó wá fi ìtàkùn sílẹ̀ kó tún ta èyí tí a ó fi ṣe èbù. Ẹni tó bá tìtorí owó fa ìtàkùn tu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọjà ló ti máa ra èbù lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì ní mọ àrùn tó bá a wá. Àrùn tó ń sọ ewé iṣu di alámì-tótòtó máa ń bá èbù lọ láti ọdún dé ọdún. Nítorí náà, ìgbà tí ewé ṣì tutù ni kí ẹ ti sàmì sí ebè tí ìtàkùn rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú èbù.