Nááfù tó fara pa ní èjìká tàbí apá: báwo la ṣe ń dá a mọ̀?

"Iṣan" la sábà máa ń pè é, ṣùgbọ́n iṣan náà la ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ àti okùn tó so ẹran mọ́ eegun. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní nááfù. Òun ló ń sọ fún apá pé kó gbéra, òun náà ló ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé ohun tá a fọwọ́ kàn gbóná.

Bí èèyàn bá ṣubú, eegun tó dá tàbí èjìká tó yẹ̀ ni gbogbo ojú máa ń wà lára rẹ̀. Nááfù kì í pariwo. Ohun méjì la fi ń wá a: kí lọwọ́ ò lè ṣe mọ́, ibo ni kò sì mọ ìfọwọ́kàn mọ́?

Nááfù tó ń jẹ́ axillary gba abẹ́ oríkèé èjìká kọjá, ìdí nìyẹn tí èjìká tó yẹ̀ fi máa ń nà án. Awọ ẹ̀gbẹ́ èjìká lè kú tipiri. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ìrora nìkan náà lè má jẹ́ kí apá gbéra, awọ sì lè mọ ìfọwọ́kàn síbẹ̀ kí nááfù ti fara pa. Dọ́kítà á ní kí aláìsàn rọra ti ìgúnpá síta, á sì fọwọ́ kan ẹran èjìká bóyá ó le. Kí wọ́n tó dá oríkèé padà ni kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tún un wò lẹ́yìn náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ni yóò mọ̀ bóyá ìṣubú ló ṣe é tàbí fífà?

Nááfù tó ń jẹ́ radial lọ́ mọ́ eegun apá òkè. Bí eegun yẹn bá dá láàárín, ọrùn-ọwọ́ lè rọ wálẹ̀, kó má lè gbéra. Nááfù ulnar lèyí tó máa ń ta wá jìnnìjìnnì tá a bá fi ìgúnpá gbá nǹkan. Bó bá fara pa, ọmọ-ìka tó kéré jù ló máa ń kú.

Èyí tó burú jù ni ti ọlọ́kadà tí orí rẹ̀ lọ síhìn-ín, tí èjìká lọ sọ́hùn-ún: gbòǹgbò nááfù márùn-ún tó ti ọrùn wá sí apá lè já. Bí ìpéǹpéjú ẹ̀gbẹ́ yẹn bá sọ̀ kalẹ̀, tí ọmọlójú sì kéré, ó ṣeé ṣe kí gbòǹgbò ti fà tu kúrò lára okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn.

Nááfù tó kàn tẹ̀ lè sàn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí okùn inú rẹ̀ já ń hù padà ní bíi mìlímítà 1 lójúmọ́, láti ibi tó ti já lọ sí ìhà ọwọ́.